Ta Ni Ó Fi Aago Náà Tọrẹ? Ẹ̀kọ́ fún Àkókò Ìkórè

Ibi kíkà: Léfítíkù 27:14–19; Jòhánù 12:1–8; Ìṣe àwọn Àpósítélì 4:32 títí dé 5:4; Kọ́ríńtì Kejì 8:16–21.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú, inú àríyànjiyàn kan ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí ti jáde wá. Ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ará ìjọ kan ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá dá sí i. Èmi kì yóò dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, àti láti ibẹ̀ dé Ìgàndó, kò sí ìjọ kan tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sábẹ́ àgọ́ ní ọjọ́ gbàǹjo ìkórè rí yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Bàbá àgbàlagbà kan ń bẹ nínú ìjọ náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún aago ṣe. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń jókòó lẹ́yìn tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ọjà Ìkòtún, tí awò kékeré ń bẹ ní ojú rẹ̀ kan, tí ó ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ eyín aago lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún tí à ń wí yìí, Bàbá kò ní iṣu, kò sì ní àgbò tí yóò mú wá fún ìkórè. Nígbà náà ni ó ṣa àwọn ẹ̀yà aago àtijọ́ tí ó ti ń rà jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì fi oṣù mẹ́jọ tò wọ́n di aago ògiri kan. Ó bẹ káfíńtà kí ó fi igi ìrókò ṣe àpótí rẹ̀. Ojú aago náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kùn ún. Ní ipò nọ́ńbà méjìlá, ṣírí ọkà méjìlá ni ó yà síbẹ̀. Bí wákàtí bá pé, aago náà a máa dún bí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tí a gbọ́ láti òkèèrè. Nígbà tí ó gbé e wá, ó wí fún àwọn àgbà ìjọ pé òun kì yóò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́, nítorí ojú òun ti ń ṣú.

A kéde fún gbogbo ènìyàn pé owó aago yìí yóò lọ sí iṣẹ́-abẹ fún ọmọ opó kan nínú ìjọ. Bí alágbàǹjo ti gbé e sókè, arákùnrin kan fi ẹgbàá mẹ́wàá náírà lé e, ẹlòmíràn gbé e sókè sí i, títí ó fi dé 40,000 náírà. Ẹni tí ó rà á san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì dá aago náà padà, ó ní kí a tún un tà. Ìyá aláṣọ kan rà á ní 65,000, òun náà dá a padà. Ní ìgbà kẹta, ọkùnrin oníṣòwò kan rà á ní 150,000 náírà, òun sì gbé e lọ sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti orin. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 255,000 náírà. A ṣe iṣẹ́-abẹ fún ọmọ náà, ó yè, ó sì ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí a ń ka orúkọ àwọn tí ó ṣe dáadáa ní ìkórè, orúkọ oníṣòwò náà ni ó ṣíwájú. A pè é jáde, a ṣàdúrà fún un, a sì fi ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọrẹ rẹ̀ pọ̀ jùlọ. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á àti ti ìyá aláṣọ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ti Bàbá alátùn-únṣe-aago kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, nítorí pé kò san owó kankan.

Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ọmọ ìjọ kan rí aago náà lára ògiri ní ilé ọlọ́rọ̀ kan ní Ìkẹjà. Ó bèèrè, a sì sọ fún un pé 400,000 náírà ni a rà á. Ìjọ sì dà bí ilé oyin tí a fi igi gún. Àwọn kan ní ọkùnrin náà ti ta ohun tí a yà sí mímọ́ fún Olúwa, kí ó dá èrè rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn ní owó rẹ̀ ni ó fi rà á, kí ni ti ìjọ nínú rẹ̀ mọ́? Ẹgbẹ́ kan kò kí ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn ìsìn. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn dé tí wọ́n fi pè mí.

Kí a tó fi ìdáhùn lélẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rin ìrìnàjò díẹ̀. Ohun kan náà gan-an ni àwọn ọlọ́rọ̀ ń ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tiwọn ju tiwa lọ bí ọ̀sà ti ju kànga lọ; ọ̀ràn tí ó sì farasin nínú owó kékeré a máa hàn kedere nínú owó ńlá.

Ní ilẹ̀ kékeré Monaco, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Luc Pettavino. Paul ọmọ rẹ̀ ní àrùn tí a fi orúkọ oníṣègùn ilẹ̀ Faransé kan pè, èyíinì ni Duchenne. Àwọn ọmọkùnrin ni àrùn yìí sábà máa ń mú. A óò bí ọmọ náà ní pípé, yóò rìn, yóò sì ṣeré bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di nǹkan bí ọmọ ọdún 3 sí 5, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú láìnídìí, àti gun àtẹ̀gùn yóò sì di ìṣòro fún un. Ara rẹ̀ kò lè pèsè èròjà kan tí í dáàbò bo iṣan, nítorí náà iṣan rẹ̀ a máa jó dànù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi tó ọmọ ọdún 12 tàbí lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè rìn mọ́, nígbẹ̀yìn ọkàn àti èémí pẹ̀lú yóò di aláìlera. Kí baba máa wo ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀! Pettavino kò jókòó kí ó máa sunkún nìkan. Ní 2005 ó bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ aago ńláńlá pé kí olúkúlùkù ṣe aago kan ṣoṣo irú èyí tí kì yóò tún ṣe mọ́, kí wọ́n fi í tọrẹ, kí a tà á ní gbàǹjo, kí owó rẹ̀ sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wá ìwòsàn fún àrùn náà. Only Watch ni orúkọ gbàǹjo yìí, wọ́n sì ń ṣe é ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì. Paul kú ní 2016. Baba rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Èyí tí ìròyìn rẹ̀ tàn kárí ayé ni ti oṣù kọkànlá 2019, ní ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, nígbà tí ilé gbàǹjo Christie's ta aago 50. Ilé-iṣẹ́ Patek Philippe, tí a dá sílẹ̀ ní 1839, mú aago ọrùn-ọwọ́ kan wá tí ó ní ojú méjì, tí a lè yí padà bí ẹni ṣí ìwé. Ẹ̀yà tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 1,366. Onírúurú iṣẹ́ 20 ni ó lè ṣe, ó ń sọ ọjọ́ àti oṣù, ó sì ń lu agogo ní ọ̀nà márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi wúrà ṣe irú aago yìí tẹ́lẹ̀. Ti gbàǹjo yìí nìkan ni wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ kan pé òun nìkan ni ó wà. Àwọn onímọ̀ ti fojú wo iye rẹ̀ pé yóò tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta frank ti ilẹ̀ náà. Bí àwọn olówó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi owó lé owó, mílíọ̀nù 31 ni ó dúró sí! Títí di ọjọ́ náà, a kò tíì ta aago ní iye bẹ́ẹ̀ rí ní gbàǹjo. Aago 49 yòókù, tí gbogbo wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá, kò mú ju mílíọ̀nù méje àti ààbọ̀ àti díẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó rà á kò fi orúkọ rẹ̀ hàn.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin olùkọ́: irin ni, kì í ṣe wúrà. Bí a bá gbé wúrà àti irin sórí òṣùwọ̀n, ọmọ kékeré mọ èyí tí ó níye lórí jù. Ṣùgbọ́n àìsí èkejì rẹ̀ ni ó gbé owó aago náà ga. Ohun kan náà ni Bàbá wa ti Ìkòtún ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ Geneva rí: ó fi ògbólógbòó ẹ̀yà ṣe ohun tí kò ní èkejì.

Ǹjẹ́, nínú gbàǹjo bẹ́ẹ̀, ta ni ó fi nǹkan tọrẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, ẹni tí ó san owó púpọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ṣe aago gbé e kalẹ̀, kò sì gba nǹkan kan dípò rẹ̀. Ọrẹ ni èyí, kò sí àní-àní. Ẹni tí ó ra aago gbé owó kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba aago. Bí ohun tí ó gbà bá tó ohun tí ó san, ọjà ni ó rà, bí ẹni tí ó ra iṣu ní ọjà Ìgàndó. Ọrẹ tirẹ̀ kò ju èlé tí ó fi lé iye tí nǹkan náà tó lọ. Àwọn agbowó-orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá mọ èyí: bí ènìyàn bá ra nǹkan ní gbàǹjo àánú, tí ó sì fẹ́ kí a dín owó-orí òun kù nítorí àánú tí òun ṣe, kì í ṣe gbogbo owó tí ó san ni wọn yóò kà sí ọrẹ fún un. Wọn yóò kọ́kọ́ yọ iye tí nǹkan náà tó ní ọjà, ohun tí ó kù ni ọrẹ.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé, ohun tí kò ní èkejì, ta ni ó mọ iye tí ó tó? Kò sí ní ọjà kí a lọ wò ó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi wí pé títà kejì ni í tú àṣírí títà kìíní. Bí ẹni tí ó ra aago irin náà ní mílíọ̀nù 31 bá tà á lọ́la ní mílíọ̀nù 20, a ó mọ̀ pé mílíọ̀nù 11 ni ó fún àwọn ọmọ aláìsàn. Bí ó bá tà á ní mílíọ̀nù 40, a ó mọ̀ pé kò fún wọn ní nǹkan kan láti inú àpò rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe aago ni ó fún wọn, òun ra ọjà rere ni. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, nítorí pé láìsí olùrà, aago kò lè di oògùn. Afárá ni ó jẹ́. Ọrẹ ẹlòmíràn gba orí rẹ̀ kọjá.

Kí a má baà rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni owó ti ń pọ̀ sí i nínú ilé ẹni tí ó ra nǹkan, ẹ rántí àwòrán Tutu. Ben Enwonwu, ọmọ Oníṣà tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni ó ya àwòrán Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀. Èyí tí ó yà ní 1974 wà nínú ilé kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún púpọ̀, àwọn onílé kò sì mọ ohun tí wọ́n ní. Nígbà tí ilé gbàǹjo Bonhams tà á ní oṣù kejì 2018, ó mú ju mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn wọlé. Enwonwu ti kú láti 1994. Kì í ṣe gbàǹjo àánú ni èyí, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lè ti sùn, kí iṣẹ́ rẹ̀ máa bí owó fún ẹlòmíràn. Nítorí irú èyí ni òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó kọ ìwé tàbí tí ó ya àwòrán, èyí tí a tún ṣe ní 2022, fi fún ayàwòrán àti agbẹ́gilére ní ìpín nínú owó tí a bá tún fi iṣẹ́ wọn tà ní gbàǹjo. Kì í ṣe nítorí aago ògiri ni a ṣe òfin náà, èmi kò sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹnìkejì lọ sí ilé-ẹjọ́.

Wàyí o, kí ni Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa? Ẹ ṣí Ìṣe orí kẹrin. Jósẹ́fù ará Kípírù, tí àwọn Àpósítélì ń pè ní Bánábà, ta ilẹ̀ kan, ó sì kó owó rẹ̀ wá. Ẹ wo bí Lúùkù ti kọ ọ̀rọ̀ náà: ó dárúkọ ẹni tí ó tà, ó sọ ìran rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà ńkọ́? Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ra ilẹ̀, ó sì lọ gbin ọkà rẹ̀. Bí ó bá tún ilẹ̀ náà tà ní ọdún kejì ní ìlọ́po méjì, kò sí ibi tí àwọn Àpósítélì ti lè pè é wá rojọ́. Ilẹ̀ náà kò di ohun mímọ́ ní ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ bọ́ àwọn tálákà. Owó ni a gbé kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ àwọn Àpósítélì, kì í ṣe ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ananíà, tí orí karùn-ún sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó kú nítorí pé ó fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó rẹ̀. Ẹ tún un kà dáadáa. Pétérù là á yé e pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un ta ilẹ̀, àti pé nígbà tí ó tà á tán pàápàá, owó náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó mú apá kan wá, ó sì fẹ́ kí a bu ọlá fún òun bí ẹni tí ó mú gbogbo rẹ̀ wá. Ọlá tí kò tọ́ sí i ni ó ń wá.

Ibí yìí ni mo dúró sí nígbà tí mo kojú àwọn ará ìjọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Rú kan. Mo wí fún àwọn tí ó ní kí a gba èrè ọwọ́ oníṣòwò náà pé, wọn kò ní ẹsẹ̀ Bíbélì kan láti dúró lé. A kò bá a dá májẹ̀mú pé kò gbọdọ̀ tà á. Ó san owó rẹ̀ pé, kò sì dà bí àwọn kan (mo wo ojú wọn bí mo ti ń sọ̀rọ̀) tí wọ́n ń kígbe owó ńlá sókè lábẹ́ àgọ́, kí a lè lu ìlù fún wọn, tí ìkórè mìíràn sì dé bá gbèsè wọn nínú ìwé akápò. Lójú tèmi, ẹni tí ó ra àgbò ní 80,000 pẹ̀lú ariwo, tí kò sì san án, ni ó ja tálákà lólè, kì í ṣe ẹni tí ó san 150,000 tí ó sì ta ohun tirẹ̀.

Oníṣòwò náà dìde, ojú sì tì í díẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Olùkọ́, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ó lé mi dé ibẹ̀. Èmi kò rà á láti fi ṣòwò. Aago náà ń dùn mọ́ mi nínú.” Èmi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí àwọn àgbà ìjọ pẹ̀lú, mo ní, “Ẹ̀yin ni ẹ ṣe àṣìṣe, kì í ṣe òun.” Nítorí pé ta ni a ìbá bu ọlá fún? Ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á san 40,000, kò sì gba nǹkan kan lọ sí ilé: ọrẹ pátápátá. Ìyá aláṣọ san 65,000, òun pẹ̀lú lọ lọ́wọ́ òfo: ọrẹ pátápátá. Bàbá fi oṣù mẹ́jọ àti ìyókù ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sí i. Ẹni tí a fún ní ìwé-ẹ̀rí ni ó jẹ èrè 250,000 náírà lórí rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn ọrẹ ni ó wọ́. Olúwa wa jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra nígbà kan, ó sì wo àwọn tí ń sọ owó sínú rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ẹni tí ó kà sí ẹni tí ó san jù. A sì ń ka ìtàn opó náà lọ́dọọdún!

Nígbà náà ni Bàbá alátùn-únṣe-aago, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, “Ǹjẹ́ a rí àkọsílẹ̀ bí a ti ná owó náà?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, kò sì sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ nítorí èrè ẹlòmíràn tí a ń wò. Ohun kan náà ni ó dé bá gbàǹjo ti Geneva. Ní 2023, ẹ̀yìn tí owó tí wọ́n ti kó jọ láti 2005 ti lé ní mílíọ̀nù 100 frank, àwọn tí ó fẹ́ràn aago bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ní gbangba pé: èló ni a ti ná lórí ìwádìí àrùn náà? Èló ni ó ṣì wà ní ìpamọ́? Ta ni ń yẹ ìwé owó wò? Ilé-iṣẹ́ Audemars Piguet fa aago tirẹ̀ sẹ́yìn. Gbàǹjo tí à bá ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún náà kò lè wáyé. Wọ́n sún un síwájú kí wọ́n lè tún ètò ìṣirò wọn ṣe. Nígbà tí a ṣe é ní oṣù karùn-ún 2024, owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 28 ni ó wọlé, Patek Philippe nìkan sì mú ju mílíọ̀nù 15 wá nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ẹni pé mo wí pé ẹnikẹ́ni jalè níbẹ̀. Ìwádìí oògùn kì í ṣe ohun tí a ń ná owó sí ní ọjọ́ kan. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọrẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ìdáhùn kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

Pọ́ọ̀lù mọ èyí dáadáa. Nígbà tí àwọn ìjọ Gíríìkì kó owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, kò rán Títù nìkan lọ. Ó fi arákùnrin mìíràn tì í, ẹni tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè fi ẹ̀sùn kàn wọ́n nítorí owó púpọ̀ náà. Ó kà á sí pé kí ọ̀ràn mọ́ níwájú Ọlọ́run nìkan kò tó. Ó gbọdọ̀ mọ́ lójú ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ sì rántí ẹni tí ó fi ohùn gíga sọ ní Bẹ́tánì pé à bá ti ta òróró ìkunra náà ní ọ̀ọ́dúnrún owó dẹ́nárì, kí a sì fi fún àwọn tálákà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ọwọ́ rẹ̀ ni àpò owó wà.

Akápò ìjọ náà, tí ó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kò bínú sí ìbéèrè Bàbá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì ó ka gbogbo rẹ̀ jáde: 255,000 tí ó wọlé, iye tí a san fún iṣẹ́-abẹ, iye tí a fi ra oògùn, àti 18,000 náírà tí ó ṣẹ́kù, tí a fi kún owó ìwé ọmọ náà. Ó so ìwé ìsanwó ilé ìwòsàn mọ́ ojú pákó ìkéde. Ó tún ka àpapọ̀ gbèsè àwọn tí kò tíì san owó gbàǹjo wọn, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí oṣù náà tó parí, ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ tí ó ti wọlé. Ìgbìmọ̀ Ìjọ sì pinnu pé láti ìsinsìnyí lọ, bí ìjọ bá fẹ́ kí ohun kan má ṣe di títà mọ́, tàbí kí ìpín kan padà wá bí a bá tún un tà, a óò kéde rẹ̀ kí alágbàǹjo tó la ẹnu, kí olùrà lè mọ ohun tí ó ń rà. Orúkọ ẹni tí ó ṣe nǹkan ni a óò máa kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí ó rà tí wọ́n sì dá a padà.

Ọmọ kíláàsì kan béèrè lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ó mú nǹkan wá bá lè tún ra nǹkan ara rẹ̀. Léfítíkù dáhùn: ẹni tí ó ya ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Olúwa lè rà á padà, ṣùgbọ́n yóò fi ìdámárùn-ún lé iye tí àlùfáà bá dá lé e. Àwọn olùkọ́ lè fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọdé. Yóò dùn mọ́ wọn.

Oníṣòwò wa jókòó ní ẹ̀yìn nígbà tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wá sí ilé mi ní àṣálẹ́, ó gbé 50,000 náírà kalẹ̀, ó ní ìdámárùn-ún èrè òun nìyẹn. Mo wí fún un pé òfin náà kò kàn án, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ya aago náà sọ́tọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí a ka orúkọ òun.

Ní ti Bàbá, a rò pé ojú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó tún ṣe irú rẹ̀ mọ́, bí òun fúnra rẹ̀ ti wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba ọjà Ìkòtún kọjá ní oṣù tó kọjá, mo bá ọmọkùnrin kan tí ó jókòó tì í, tí Bàbá ń na ìka sí ẹ̀yà, tí ọmọ náà sì ń fi ẹ̀mú gbé e. Àpótí ìrókò tuntun wà lábẹ́ tábìlì. Mo bèèrè bóyá ṣírí ọkà ni wọn yóò tún yà sí ojú rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, èyíinì ti ní olówó. Ewé kókò ni ọmọ náà fẹ́ yà.